Ta Nìyẹn? Ìbéèrè Tí Ó Ṣáájú Àṣírí Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lórí ètò wa ti òní kan gbogbo ẹni tí ó ní fóònù lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ oníṣòwò, ìbáà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìbáà jẹ́ ìyá tí ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni ti bí ọ̀rọ̀ àṣírí ṣe ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá tí olófòófó kò fi ní gbọ́ ọ, àti ti irinṣẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń lò láti fi dáàbò bò ó.

Àwọn àgbà ní ògiri létí. Bí ògiri bá létí, kí ni a ó ti wí nípa íntánẹ́ẹ̀tì? Nígbà tí ènìyàn bá tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ sí ojú fóònù láti fi owó ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà kì í fò tààrà lọ sí báńkì. Yóò kọ́kọ́ dé òpó ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, tàbí ẹ̀rọ Wi-Fi tí ó wà ní ilé oúnjẹ tàbí ní ilé-ìtura. Láti ibẹ̀ yóò gba inú wáyà abẹ́ ilẹ̀, nígbà mìíràn yóò gba inú wáyà abẹ́ òkun pàápàá, yóò máa ti ọwọ́ ẹ̀rọ kan bọ́ sí ọwọ́ ẹ̀rọ mìíràn títí yóò fi dé ibi tí ó ń lọ. Ẹni tí ó bá ní àṣẹ lórí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí lè ka ohun tí ń kọjá níwájú rẹ̀, bí a kò bá bò ó.

Kì í ṣe òní ni àwọn baba wa ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ kí ó dé gbogbo etí. Wọ́n ń fọ ẹnà láàárín ara wọn, tí ó fi jẹ́ pé bí àlejò tilẹ̀ gbọ́ ìró ọ̀rọ̀, kò ní mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń pa àrokò pẹ̀lú. Wọ́n lè so owó-ẹyọ mẹ́fà pọ̀, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ènìyàn. Ẹni náà yóò sì mọ̀, nítorí ìró ‘ẹfà’, pé ọkàn ẹni tí ó rán an fà sí òun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyèsí nǹkan kan. Kí ẹni tí àrokò tẹ̀ lọ́wọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú lórí ìtumọ̀ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti wá. Owó-ẹyọ mẹ́fà láti ọwọ́ ọ̀rẹ́ jẹ́ ìfẹ́. Owó-ẹyọ mẹ́fà láti ọwọ́ ọ̀tá tí ó fi orúkọ ọ̀rẹ́ bojú jẹ́ ìdẹkùn.

Kókó ọ̀rọ̀ wa lónìí kò ju èyí lọ. Pípa ọ̀rọ̀ mọ́ kò já mọ́ nǹkan kan bí a kò bá mọ ẹni tí a ń bá sọ ọ́. Nínú gbogbo àṣìlò tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń ṣi irinṣẹ́ ààbò lò, gbígbàgbé ìbéèrè yìí wà lára èyí tí ó léwu jùlọ, nítorí pé kì í hàn sí ojú.

ÌLÀNÀ ÀÀBÒ ÀTI IṢẸ́ MẸ́TA TÍ Ó Ń ṢE

Ní ọdún 1995 ni ilé-iṣẹ́ Netscape ti Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní SSL, kí àwọn ènìyàn lè máa ra ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìbẹ̀rù pé ẹlòmíràn yóò rí nọ́ńbà káàdì wọn. Wọ́n tún un ṣe ní ọdún 1996. Ní ọdún 1999, ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìlànà fún íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí a mọ̀ sí IETF, sọ ọ́ di ìlànà gbogbogbòò, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí TLS. Àwọn tí ó yẹ kí a máa lò lónìí ni TLS 1.2 tí ó jáde ní ọdún 2008, àti TLS 1.3 tí ó jáde ní ọdún 2018. Àwọn ti àtijọ́ ti ní àbùkù, a sì ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀: a kọ SSL 3.0 sílẹ̀ ní ọdún 2015, a sì kọ TLS 1.0 àti TLS 1.1 sílẹ̀ ní ọdún 2021.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni ìlànà yìí ń ṣe. Èkínní, ó ń sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá yọjú wò ó lójú ọ̀nà kò ní rí nǹkan kan tí ó ní ìtumọ̀. Èkejì, ó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ náà kí ẹnikẹ́ni má baà bù mọ́ ọn tàbí kí ó bù nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá ní kí wọ́n san 5,000 náírà, kò gbọdọ̀ di 50,000 kí ó tó dé báńkì. Ẹ̀kẹta, ó ń jẹ́ kí a mọ ẹni tí ó wà ní ìkángun kejì dájúdájú. Àwọn ènìyàn a máa yin iṣẹ́ kìn-ín-ní, wọn a sì máa gbàgbé ẹ̀kẹta. Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí tí kò fi yẹ bẹ́ẹ̀.

BÍ ẸNI MÉJÌ ṢE LÈ DI ÀṢÍRÍ NÍ GBANGBA

Ẹnìkan lè béèrè pé: ‘Bí ọ̀rọ̀ bá ti di àdììtú, kí ni ẹni tí a rán an sí yóò fi tú u? Ṣé a kò ní láti kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí i ni? Bí a bá sì fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́, ṣé olè tí ó lúgọ sí ọ̀nà kò ní rí i ni?’ Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ní ọdún 1976 ni àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, Whitfield Diffie àti Martin Hellman, kọ ìdáhùn rẹ̀ jáde fún aráyé kà. Ìṣirò ni ìdáhùn náà, a ó sì fi èyí tí ó kéré jùlọ hàn yín.

Kí a sọ pé oníbàárà kan, tí a ó pè ní Àdùkẹ́, fẹ́ bá báńkì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì fi ẹnu kò ní gbangba lórí nọ́ńbà méjì, 3 àti 17. Olè gbọ́; kò burú. Àdùkẹ́ mú nọ́ńbà kan pamọ́ sí ikùn ara rẹ̀, kí a sọ pé ó mú 2. Báńkì náà mú tirẹ̀ pamọ́, ó mú 4. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sọ èyí tí ó mú fún ẹnìkejì.

Àdùkẹ́ wá kọ 3 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí 2 tí ó wà ní ikùn rẹ̀, ó sì sọ wọ́n di púpọ̀: 3 lọ́nà 3, ó di 9. Ó fi 9 ránṣẹ́. Báńkì kọ 3 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sọ wọ́n di púpọ̀, ó di 81. Ó yọ 17 kúrò nínú rẹ̀ léraléra títí kò fi ṣeé yọ mọ́. Ó ku 13. Ó fi 13 ránṣẹ́. Olè gbọ́ 9, ó sì gbọ́ 13.

Nísinsin yìí, Àdùkẹ́ mú 13 tí ó gbà, ó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 169. Ó yọ 17 léraléra, ó ku 16. Báńkì mú 9 tí ó gbà, ó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 6,561. Ó yọ 17 léraléra, ó ku 16. Ẹ wò ó! Àwọn méjèèjì ti ní 16 lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò dárúkọ 16 lójú ọ̀nà. 16 yìí ni kọ́kọ́rọ́ tí wọn yóò fi máa ti ọ̀rọ̀, tí wọn yóò sì fi máa ṣí i.

Nọ́ńbà kékeré ni a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sì lè jókòó kí ó tú u. Nínú iṣẹ́ gidi, nọ́ńbà tí ó dúró ní ipò 17 lè gùn ju 600 òǹkà lọ bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí kí a lo irú ìṣirò mìíràn tí ó le bákan náà. Kò sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni fi han aráyé rí tí àwọn kọ̀ǹpútà òde òní lè fi tú èyí tí a bá ṣe dáradára.

ALÁRINÀ TÍ ẸNIKẸ́NI KÒ BẸ̀ NÍṢẸ́

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ṣé kò ti parí? Rárá o. Ẹ jẹ́ kí a tún ìtàn Àdùkẹ́ wò. Kí a sọ pé olè náà kò kàn lúgọ láti gbọ́, ṣùgbọ́n ó dìde dúró sí àárín ọ̀nà. Nígbà tí 9 Àdùkẹ́ ń bọ̀, ó gbà á, kò jẹ́ kí ó dé báńkì. Ó mú nọ́ńbà ti ara rẹ̀ pamọ́ sí ikùn, ó bá Àdùkẹ́ ṣe ìṣirò náà bí ẹni pé òun ni báńkì. Ó tún yíjú sí báńkì, ó bá a ṣe ìṣirò mìíràn bí ẹni pé òun ni Àdùkẹ́. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni ó wá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan fún ẹni iwájú, ọ̀kan fún ẹni ẹ̀yìn.

Láti ìgbà náà lọ, Àdùkẹ́ yóò fi tọkàntọkàn ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ pa. Alárinà yìí yóò ṣí i, yóò kà á, yóò tún un tì, yóò sì fi ránṣẹ́ sí báńkì. Báńkì yóò dáhùn. Yóò ṣí èyíinì náà, yóò kà á. Ìṣirò náà kò ní àbùkù. Kọ́kọ́rọ́ náà le. Ọ̀rọ̀ náà di àdììtú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n olè gan-an ni Àdùkẹ́ ń sọ àṣírí rẹ̀ fún, ó sì ń sọ ọ́ ní ohùn jẹ́jẹ́ kí ẹlòmíràn má baà gbọ́.

Bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn wa lóru, kí ni a máa ń wí? ‘Ta nìyẹn?’ Bí ẹni náà bá dáhùn pé, ‘Èmi ni,’ a kì í torí ìyẹn ṣí ilẹ̀kùn. A ó tún béèrè pé, ‘Ìwọ ta?’ Ìbéèrè yìí gan-an ni ìṣirò Diffie àti Hellman kò lè bá wa dáhùn. Ohun mìíràn ni a ní láti fi kún un.

ÌWÉ-Ẹ̀RÍ ÀTI ÀWỌN OLÓǸTẸ̀

Ohun tí a fi kún un ni ìwé-ẹ̀rí. Báńkì yóò ní kọ́kọ́rọ́ méjì tí ó jẹ́ ìbejì: ọ̀kan tí gbogbo ayé lè rí, ọ̀kan tí báńkì nìkan mọ̀. Ohun tí a bá fi ti ìkọ̀kọ̀ fọwọ́ sí, ti gbangba ni a fi ń mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ gbangba yìí kì í ṣe ti olè? Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wádìí ẹni tí ó ni orúkọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n kọ orúkọ náà àti kọ́kọ́rọ́ gbangba rẹ̀ sínú ìwé-ẹ̀rí kan, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ ti ara wọn mọ́ ọn. A ó máa pè wọ́n ní olóǹtẹ̀. Orúkọ àwọn olóǹtẹ̀ tí a fọkàn tán ti wà nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà wa láti ọjọ́ tí a ti rà wọ́n.

Nígbà tí fóònù bá gba ìwé-ẹ̀rí, ó kéré tán, ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ó yẹ̀ wò. Ṣé òǹtẹ̀ ara rẹ̀ jẹ́ ti olóǹtẹ̀ tí a mọ̀? Ṣé ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá? Ṣé orúkọ tí ó wà nínú rẹ̀ ni orúkọ ẹni tí a ń wá? Ẹ má ṣe fojú kéré ìbéèrè kẹta yìí. Bí a bá ránṣẹ́ pe Àjàní, tí Àkàndé wá, tí ó sì mú ìwé ìdánimọ̀ tòótọ́ dání tí ìjọba lu òǹtẹ̀ mọ́, òótọ́ ni ìwé náà, òótọ́ ni òǹtẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n Àkàndé kì í ṣe Àjàní. Olè pàápàá lè gba ìwé-ẹ̀rí tòótọ́ ní orúkọ ara rẹ̀. Bí a kò bá fi orúkọ wé orúkọ, yóò fi ìwé tirẹ̀ wọlé ní orúkọ báńkì.

IRINṢẸ́ ÀṢESÍLẸ̀

Gbogbo iṣẹ́ tí a ti kà sílẹ̀ yìí pọ̀ ju ohun tí ẹni kan ṣoṣo lè jókòó kọ fúnra rẹ̀ láìṣe àṣìṣe. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn yòókù máa lò ó. Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pe irú àkójọ iṣẹ́ àṣesílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní láíbìrì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé tí a ti ń kàwé. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jùlọ ní ti ààbò ni OpenSSL. Láti ara iṣẹ́ Eric Young àti Tim Hudson, tí wọ́n ń pè ní SSLeay, ni ó ti jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ OpenSSL ní òpin ọdún 1998. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni sì lè ka bí wọ́n ṣe kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ wo ti káfíńtà. Káfíńtà kì í rọ àgádágodo fúnra rẹ̀. Yóò lọ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n rọ. Ṣùgbọ́n kíkàn án mọ́ ilẹ̀kùn, iṣẹ́ ọwọ́ káfíńtà ni. Bí ó bá kan ìkọ́ rẹ̀ mọ́ igi tí ó ti jẹrà, olè kò ní láti fọ àgádágodo. Yóò kàn fa igi náà tu ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí nídìí láíbìrì ààbò.

Ní ọdún 2012, àwọn oníwádìí mẹ́fà láti Yunifásítì Texas ní Austin àti Yunifásítì Stanford yẹ àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ènìyàn ń lò lójoojúmọ́ wò. Wọ́n bá a pé púpọ̀ nínú wọn ń lo láíbìrì tí ó dára, ọ̀rọ̀ wọn sì ń di àdììtú, ṣùgbọ́n wọn kì í yẹ ìwé-ẹ̀rí wò bí ó ti yẹ. Lára àwọn tí wọ́n dárúkọ ni ètò báńkì Chase lórí fóònù, àti àwọn irinṣẹ́ tí Amazon àti PayPal fún àwọn oníṣòwò láti fi gba owó. Ẹni tí ó bá dúró sí àárín ọ̀nà nígbà náà lè ṣe ohun tí alárinà wa ṣe sí Àdùkẹ́.

Kí ni ó fà á? Kì í ṣe ìwà ibi. Ohun tí àwọn oníwádìí náà rí ni pé ọ̀nà tí a fi ń pàṣẹ fún àwọn láíbìrì náà ṣòro láti lóye. Àpẹẹrẹ kan nìyí láti ara láíbìrì tí a ń pè ní cURL. Àṣẹ kan wà níbẹ̀ tí a fi ń sọ pé kí ó yẹ orúkọ wò. Bí a bá kọ 2 síbẹ̀, yóò fi orúkọ inú ìwé-ẹ̀rí wé orúkọ ẹni tí a ń wá. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ 1, yóò kàn wò ó bóyá orúkọ kan tilẹ̀ wà nínú ìwé náà ni, ìbáà jẹ́ orúkọ ẹnikẹ́ni. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ ètò ń kọ ‘bẹ́ẹ̀ ni’ síbẹ̀, wọ́n rò pé àwọn ti ṣe ohun tí ó tọ́. Kọ̀ǹpútà sì ń ka ‘bẹ́ẹ̀ ni’ sí 1. Ẹni tí ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n ṣọ́ ilé, ni kò ní ẹ̀ṣọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012 náà ni àwọn tí ń tọ́jú cURL yí i padà, tí 1 kò fi jẹ́ ìtẹ́wọ́gbà mọ́.

OpenSSL pàápàá kò ní àṣẹ tí ó lè fi orúkọ wé orúkọ fúnra rẹ̀ títí di OpenSSL 1.0.2 tí ó jáde ní ọdún 2015. Olúkúlùkù ni ó ń kọ tirẹ̀. Títí di òní, bí ẹni tí ń kọ ètò kò bá pàṣẹ fún un kí ó kọ ìwé-ẹ̀rí tí kò dára, yóò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn. Èdè kọ̀ǹpútà Python náà kì í yẹ ìwé-ẹ̀rí wò láìjẹ́ pé a pàṣẹ fún un, títí wọ́n fi tún un ṣe ní òpin ọdún 2014.

NÍGBÀ TÍ ÒǸTẸ̀ ṢUBÚ SÍ ỌWỌ́ ỌLỌ́ṢÀ

Ẹnìkan lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé lásán ni gbogbo èyí. Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2011. Ilé-iṣẹ́ olóǹtẹ̀ kan wà ní orílẹ̀-èdè Netherlands tí ń jẹ́ DigiNotar. Ìjọba ilẹ̀ náà pàápàá ń lo ìwé-ẹ̀rí rẹ̀. Ní ọdún náà, ẹnìkan gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú àwọn kọ̀ǹpútà wọn, ó sì lo òǹtẹ̀ wọn ní oṣù keje láti ṣe ìwé-ẹ̀rí èké tí ó ju 500 lọ. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ní orúkọ Google.

Ìwé-ẹ̀rí èké yìí ni wọ́n fi dúró sí àárín àwọn ènìyàn ilẹ̀ Iran àti Google. Ìwádìí tí a ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé nǹkan bí 300,000 àdírẹ́sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni ó wà ní Iran. Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí: ẹni tí ó ṣí lẹ́tà rẹ̀ lórí Gmail, tí ó rí àmì ààbò, tí ó sì rò pé òun àti ọ̀rẹ́ òun nìkan ni àwọn jọ wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹni kẹta ti máa ka ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Báwo ni àṣírí ṣe tú? Google ti kọ sínú Chrome, ètò tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, irú kọ́kọ́rọ́ tí ó jẹ́ ti Google gidi. Ní òpin oṣù kẹjọ, Chrome ta ẹnìkan ní Iran lólobó pé ìwé-ẹ̀rí tí òun rí kò tọ̀nà, ẹni náà sì ké jáde. Kò pẹ́ tí gbogbo ayé fi yọ DigiNotar kúrò nínú àwọn olóǹtẹ̀ tí a fọkàn tán. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, ilé-iṣẹ́ náà ti di onígbèsè tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Láti ìgbà náà ni a ti gbé ìlànà mìíràn kalẹ̀ tí ó mú kí àwọn olóǹtẹ̀ máa kọ ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n bá ṣe sínú àkọsílẹ̀ gbangba, kí ẹni tí ó ni orúkọ lè rí i bí ẹlòmíràn bá gba ìwé ní orúkọ rẹ̀.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ ÀWỌN TÍ Ń KỌ ÈTÒ MÁA ṢE

Àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń pọ̀ sí i. Ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jùlọ. Èkínní, ẹ má ṣe rọ àgádágodo ti ara yín. Ẹ lo láíbìrì tí ọ̀pọ̀ ojú ti yẹ̀ wò.

Èkejì, ẹ má ṣe pa ìyẹ̀wò ìwé-ẹ̀rí. Nígbà tí ènìyàn bá ń dán iṣẹ́ wò, kọ̀ǹpútà tí ó fi ń dán an wò lè má ní ìwé-ẹ̀rí tí ó ní òǹtẹ̀, láíbìrì yóò sì kọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé wọn a pàṣẹ pé kí ó má yẹ ohunkóhun wò mọ́, pé àwọn yóò dá a padà bí iṣẹ́ bá parí. Iṣẹ́ a parí, wọn a gbàgbé. Dípò èyí, ẹ fi ìwé-ẹ̀rí ti ìdánwò náà kún àwọn tí ètò yín fọkàn tán ní ibi ìdánwò nìkan.

Ẹ̀kẹta, ẹ máa gbọ́ ohun tí láíbìrì bá sọ. Bí ó bá dáhùn pé àṣìṣe wà, ẹ dúró níbẹ̀; ẹ má ṣe máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi ara yín ṣe olè fún ìgbà díẹ̀. Ẹ gbé ìwé-ẹ̀rí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá síwájú ètò yín. Ẹ gbé èyí tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ gbé èyí tí ẹ lu òǹtẹ̀ rẹ̀ fúnra yín. Ó gbọ́dọ̀ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ètò tí ó gba ènìyàn gidi wọlé kò tíì fi hàn pé òun jẹ́ ẹ̀ṣọ́. Ìgbà tí ó bá lé ayédèrú padà ni a tó mọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ máa mú láíbìrì tuntun bí wọ́n bá ti tún un ṣe. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri a máa lanu. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2014, aráyé gbọ́ pé àbùkù kan wà nínú OpenSSL tí a pe orúkọ rẹ̀ ní Heartbleed. Ó ti wà níbẹ̀ láti oṣù kẹta ọdún 2012. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lè béèrè ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà kan, kí kọ̀ǹpútà náà sì da ohun tí ó wà ní ọpọlọ rẹ̀ jáde, tí ó lè tó 64 kílóbáìtì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ pàápàá lè wà nínú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ilé-iṣẹ́ owó-orí ilẹ̀ Kánádà kéde pé wọ́n ti jí nọ́ńbà ìdánimọ̀ nǹkan bí 900 ènìyàn gbé lọ́dọ̀ àwọn. Àtúnṣe jáde ní ọjọ́ tí ìròyìn náà jáde gan-an. Ṣùgbọ́n àtúnṣe tí a kò bá mú lò kò lè gba ẹnikẹ́ni.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ ÀWA YÒÓKÙ MÁA ṢE

Àwa tí kì í kọ ètò náà ní ipa tiwa. Bí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà bá gbé ìkìlọ̀ síwájú wa pé ibi tí a ń lọ kò ní ààbò, tàbí pé ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kò tọ̀nà, kí a má ṣe tẹ ‘máa lọ’ nítorí ìkánjú. Fóònù náà ti bá wa béèrè pé, ‘Ta nìyẹn?’, ó sì ti rí i pé ìdáhùn kò pé.

Kí a má sì ṣe rò pé ibikíbi tí a bá ti rí àmì àgádágodo jẹ́ ibi olódodo. Ohun tí àmì náà ń sọ kò ju pé orúkọ tí ó wà lókè ojú ìwé ni a ń bá sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn kò sì gbọ́. Bí orúkọ náà bá jẹ́ ti olè, tí ó fi lẹ́tà kan ṣoṣo yàtọ̀ sí ti báńkì wa, àṣírí wa pẹ̀lú olè ni yóò jẹ́. Nítorí àṣìlóye yìí ni Chrome ṣe yọ àmì àgádágodo náà kúrò ní ọdún 2023, tí wọ́n fi àmì mìíràn rọ́pò rẹ̀. Orúkọ ni kí a máa kà, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, kí a tó tẹ nọ́ńbà àṣírí wa.

Ẹ̀yin olùwòran wa, àwọn oníṣirò ti ṣe iṣẹ́ tiwọn, wọ́n ti fún wa ní kọ́kọ́rọ́ tí ó le. Àwọn tí wọ́n kọ láíbìrì ti ṣe tiwọn, wọ́n sì ń tún un ṣe lójoojúmọ́. Ohun tí ó kù kì í ṣe iṣẹ́ ìṣirò; iṣẹ́ ìfura ni. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, kí a béèrè ẹni tí ó jẹ́ kí a tó ṣí i, kí a sì dúró gbọ́ ìdáhùn náà dáradára. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ibi tí a ó ti dánu dúró lónìí nìyí. Ó dìgbà kan ná.